Bí ẹ̀rọ tí kì í mumi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi kó mi sí. Ẹ̀rín lè pa ẹ̀yin o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, kò sí ohun tó pa èmi lẹ́rìn-ín níbẹ̀!

Ayé ìjọba Ẹ̀húzù ni, ní Kútọnú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ìyípadà ni Ẹ̀húzù lédè Fọ̀n, ìjọba náà sì ti yí gbogbo nǹkan padà lóòótọ́. Kò sí ọ̀gá mọ́, kò sí mùsíọ̀, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni. "Kámárádì" ni gbogbo wa. Kámárádì dirẹ́kítọ̀, kámárádì awakọ̀, kámárádì agbálẹ̀. Kí o tó tọrọ sípánà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ, wàá kọ́kọ́ kí i pé ìjà ń tẹ̀ síwájú, òun náà á dá ọ lóhùn pé ó ń tẹ̀ síwájú, ìgbà yẹn ló máa tó sọ fún ọ pé sípánà ò sí. Ìpàdé wà lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé wà lọ́jọ́bọ̀, ìpàdé sì tún wà tí a fi ń mọ ìgbà tí a máa ṣe ìpàdé mìíràn. Ṣé ẹ rò pé mo ń ṣàwàdà ni?

Ràímì lorúkọ mi, Nàgó Ṣakété, mẹ́káníìkì. Gáráàjì iléeṣẹ́ oko ọ̀pẹ kan tó jẹ́ ti ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àdúgbò Akpakpa. Ọwọ́ mi dá ṣáṣá nídìí iṣẹ́, mi ò ní parọ́ ìrẹ̀lẹ̀ fún yín. Ẹnu ni àléébù mi. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, tí èèyàn méjì sì rẹ́rìn-ín sí i, ó parí nìyẹn, mi ò ní mọ ibi tí mo máa dúró sí.

Ẹnu yìí gan-an ni Àlájà kò fẹ́. Àlájà ni ìyá Sàlámátù, ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ sọ́nà. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Misẹ̀bò, òun sì ni olórí àwọn ìyá aláṣọ ní ìlà tiwọn. Ó ti sọ ọ́ fún mi lójú ara mi pé òun kò rí nǹkan kan wí sí ìdílé mi, òun kò sì rí nǹkan kan wí sí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ṣáájú iṣẹ́ mi lọ jìnnà, òun ò sì ní fi ọmọ òun fún ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ kan fi ẹ̀rọ méjì ta iléeṣẹ́ wa lọ́rẹ. Irú èyí tí wọ́n fi ń wọ inú ẹrẹ̀ àti yanrìn ni, tí èèyàn ń gùn bí alùpùpù, tí táyà rẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fọn fèrè. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, èkejì ní mẹ́rin. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bó bá ti ń sáré, atẹ́gùn á máa gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì náà ká, á sì máa gbé ooru lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní tirẹ̀, omi ni. Ó ní rédíétọ̀, ó ní rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, ó sì ní fáànù kékeré kan tó máa ń yí fúnra rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná.

Kámárádì dirẹ́kítọ̀ sọ fún wa pé ogún irú rẹ̀ ń bọ̀, pé àwọn tó fẹ́ fún wa fẹ́ mọ èwo la fẹ́ nínú méjèèjì. Ta ló máa yàn án? Ìpàdé ni!

Fòfó Dòsú ló kọ́kọ́ dìde. Fòfó là ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin ní Kútọnú. Ọmọ Fọ̀n ni Dòsú, òun ni mẹ́káníìkì àgbà nínú gáráàjì, òun ló sì kọ́ mi ní ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yọ eegun lára ẹja. Ó ní ti omi lòun fara mọ́. Ó ní oko ọ̀pẹ kì í ṣe títì ọ̀dà, pé ẹ̀yìn àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ẹ̀rọ náà á máa tẹ̀ lé nínú ẹrẹ̀, díẹ̀díẹ̀, àti pé ẹ̀rọ tí kò bá sáré kì í rí afẹ́fẹ́. Ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ká ní orí mi pé, ǹ bá pàtẹ́wọ́ fún un kí n sì máa lọ jẹun.

Mo dìde! Mo ní omi tó wà ní Kútọnú, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, á jẹ rédíétọ̀ tán. Mo ní ẹ̀gún lè gún rọ́bà omi nínú oko, ta ni á wá tún un ṣe níbẹ̀? Mo ní èèyàn gan-an ń tò láti rí omi mu, ẹ̀rọ á tún wá tò pẹ̀lú wọn. Òótọ́ sì ni gbogbo èyí o. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ni mo bá ní afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo mùtúmùwà ni, kò sí kapitalísì tó lè rọ ọ́ sínú garawa! Gbogbo ilé hó yèè. Mo ní ẹ̀rọ tó ń lo afẹ́fẹ́ kò lè gbóná láéláé, àfi bí oòrùn bá sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó lé e lórí. Mo ní bó bá gbóná, kí wọ́n gbé mi lọ sí Malanville fún ọdún mẹ́ta!

Malanville! Lókè lọ́hùn-ún, létí Odò Ọya, níbi tí ilẹ̀ wa parí sí! Ta ló rán mi?

Mo wẹ̀yìn báyìí, akọ̀wé ìpàdé ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n wá pinnu pé lọ́jọ́ ayẹyẹ orílẹ̀-èdè, ẹ̀rọ méjèèjì á bá iléeṣẹ́ wa wọ́de kọjá níwájú pèpéle àwọn aláṣẹ. Fòfó Dòsú á gun ti omi, èmi á gun ti afẹ́fẹ́. Èyí tó bá kọjá dáadáa la máa yàn. Bí tèmi bá sì gbóná, kámárádì Ràímì á lọ sí Malanville gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé: bẹ̀bẹ̀!

Kí oòrùn tó wọ̀, Misẹ̀bò ti gbọ́. Àlájà ránṣẹ́ sí mi pé òun kò bí ọmọ fún Malanville, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gbé mi lọ síbẹ̀, kí n má dárúkọ Sàlámátù mọ́. Sàlámátù sunkún, ó wá bi mí bóyá ẹ̀rọ náà máa gbóná. Mo ní, "Gbóná kẹ̀!"

Fòfó Dòsú fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gáráàjì, ó ní kí n gbìyànjú kí n wa ẹ̀rọ náà bí ẹni ń rìn fún wákàtí kan, kí n wò ó. Mo dá a lóhùn pé mo ti dán an wò ní etí òkun, pé mo sáré débi tí fìlà mi fi fò lọ, tí ẹ́ńjìnnì sì tutù minimini. Ó ní ìwọ́de kì í ṣe eré sísá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọ fún un pé ìlara ló ń ṣe é. Ojú ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń tì mí títí di òní. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti tò wá sójú títì. Níwájú wa gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì wà. Wọ́n fi pákó kan búrẹ́dì gbọọrọ kan tó ga ju ilé lọ, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ búrẹ́dì, ọkùnrin méjìlá ló gbé e. Lẹ́yìn wa ni àwọn ìyá aláṣọ Misẹ̀bò, wọ́n lé ní ọgbọ̀n, Àlájà níwájú wọn. Ta ló ṣètò pé kí ìyá ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi gan-an? Mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Gbogbo wọn ló mú abẹ̀bẹ̀ dání, nítorí wọ́n mọ̀ pé oòrùn Kútọnú kò mọ ẹni tó ń jẹ́ kámárádì.

Ìwọ́de bẹ̀rẹ̀. A gbé ẹsẹ̀ kan, a dúró. A gbé ẹsẹ̀ kan, a dúró. Mo ń rẹ́rìn-ín sọ́tùn-ún sósì, mò ń juwọ́ sí èèyàn. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa fẹ́ bọ̀ láti òkun ńkọ́? Búrẹ́dì wọn ti dí i pa!

Òórùn ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo ní kì í ṣe tèmi. Nígbà tó yá, itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mo ní oòrùn ni. Ìgbà tí èéfín wá ń jáde láàárín ẹsẹ̀ mi, ta ni mo tún fẹ́ purọ́ fún? Ẹ́ńjìnnì náà ti ń kùn lọ́nà mìíràn, bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́nà ọ̀fun. Mẹ́káníìkì ni mí, mo mọ ohun tí ìró yẹn ń wí. Ó ń sọ pé ó dìgbóṣe.

Fòfó Dòsú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Fáànù rẹ̀ yí, fùùù, ó dúró, ó tún yí. Ó wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ì bá rẹ́rìn-ín ni, ìyẹn ì bá dùn mọ́ mi jù! Kámárádì kan sá wá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi láti dà á lé ẹ́ńjìnnì náà lórí. Fòfó ló kígbe mọ́ ọn pé kó má dán an wò, pé omi tútù lórí irin gbígbóná bẹ́ẹ̀, sísán ló máa sán. Ó wá rọra sọ fún mi pé bí afẹ́fẹ́ kò bá kàn án láìpẹ́, kó tó dé pèpéle ló máa kú. Pèpéle ṣì jìnnà tó pápá bọ́ọ̀lù méjì.

Mo rí Malanville níwájú mi kedere. Mo rí Sàlámátù tó ń fẹ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo yí ọrùn padà.

"Àlájà, ẹ gbà mí!"

Ó sún mọ́ mi, ó ń yan bọ̀. "Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń gbóná. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́."

"Èyí tí o ní kì í gbóná?"

"Ìyá mi, mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ."

Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo èmi, ó tún wo ẹ́ńjìnnì. Ó wá kọjú sẹ́yìn sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá! Ẹ wá o! Ibà ń ṣe nǹkan yìí, ẹ bá mi fẹ́ ẹ!"

Háà! Abẹ̀bẹ̀ tó lé ní ọgbọ̀n! Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún, wọ́n ń fẹ́ ẹ lápá òsì, ìyá kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù èéfín, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń wúkọ́. Àlájà tún kígbe sí àwọn ará iwájú pé kí wọ́n gbé búrẹ́dì wọn kúrò lójú ọ̀nà atẹ́gùn. Àwọn ọkùnrin méjìlá náà wò ó lójú, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wéré. Ta ló máa bá a jiyàn?

Ẹ̀yin náà sì mọ ìyá Nàgó. Ṣé ó lè di abẹ̀bẹ̀ mú kó máa fẹ́ nǹkan kó sì panu mọ́? Ẹni tí a bá ń fẹ́, à ń kí i ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ìbáà jẹ́ ọba. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹ́ńjìnnì. Ìyá kan bi mí bóyá akọ ni tàbí abo, kí òun lè mọ bí òun á ṣe kì í. Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní mẹ́káníìkì wo nìyí? Wọ́n bá ń kì í lọ bẹ́ẹ̀:

"Pẹ̀lẹ́ o, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta!
Pẹ̀lẹ́, ajẹpo-má-mumi!
Òyìnbó ló bí ọ, Nàgó ló ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún.
Rọra máa rìn, ilé ò jìnnà mọ́!"

Ìwọ̀nba ni afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lè ṣe fún irin, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Èéfín dín kù. Ìró náà rọlẹ̀. Báyìí la ṣe dé iwájú pèpéle, èmi lórí ẹ̀rọ bí ọba tí kò mọ ìlú tó ń jẹ, àwọn ìyá ń fẹ́, wọ́n ń kì, wọ́n ń jó lọ.

Àwọn aláṣẹ dìde dúró! Wọ́n rò pé a ti múra ètò náà sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo pé ẹ wo bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń gbé ẹ̀rọ àgbẹ̀ lárugẹ! Fòfó Dòsú kọjá ní tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó tutù, tó lọ déédéé, tí kò rú èéfín kankan. Ẹnì kan ṣoṣo kò wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé. Wọ́n pe Àlájà pàápàá wá gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, wọ́n fi í sórí àga níwájú. Kámárádì dirẹ́kítọ̀ dìde, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní afẹ́fẹ́ ló borí. Ó ní ẹ̀rọ olómi yẹn, ó ń dá nìkan tu ara rẹ̀ lára láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀, ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan gbáà sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ aláfẹ́fẹ́ ń kó àwọn mùtúmùwà jọ! Nítorí náà, ogún aláfẹ́fẹ́ la máa béèrè fún, a ó sì fi ìyá mẹ́fàmẹ́fà tì í lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti abẹ̀bẹ̀ wọn, nínú oko. Mo wo Àlájà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára dirẹ́kítọ̀, kò sì ṣẹ́ ojú.

Ó kù. Wọ́n ní èmi ni olórí gáráàjì láti òní lọ. Akọ̀wé wá nawọ́ sókè, ó ní ọ̀rọ̀ Malanville wà nínú ìwé ìpàdé, pé nígbà tí wọ́n ti kọ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n ní níwọ̀n bí kámárádì Dòsú ti sọ̀rọ̀ òdì sí afẹ́fẹ́, kó máa lọ.

Fòfó Dòsú dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó jókòó. Bí ẹni pé wọ́n fún un ní omi mu ni. Ọkùnrin tó ní ọmọ márùn-ún, tí ìyá rẹ̀ arúgbó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Akpakpa níbẹ̀!

Ẹ gbọ́, mi ò kì í ṣe akọni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ló ti wà lọ́wọ́ mi: iṣẹ́ wà, ìyàwó wà, ìyá ìyàwó mi jókòó níwájú tó ń rí mi. Kí n ṣáà ti panu mọ́ ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi! Mo bojú wo Fòfó, mo rí i tó ń nu àwọn ìka rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Mo dìde. Mo ní, "Kámárádì, ẹ̀rọ mi gbóná. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí, ì bá ti kú sójú títì. Ohun tí Fòfó Dòsú sọ lọ́jọ́ kìíní ni òótọ́: ẹ̀rọ tó ń rìn bí èèyàn nínú ẹrẹ̀, omi ló yẹ ẹ́. Ó ní kí n dán an wò, mo bú u. Èmi ni mo ṣì í. Èmi ni mo dárúkọ Malanville, èmi ni kẹ́ ẹ gbé lọ."

Dirẹ́kítọ̀ bi akọ̀wé bóyá a lè gba àtẹ́wọ́ padà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tó ti pa á. Akọ̀wé yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí. Wọ́n jíròrò fún wákàtí méjì. Wọ́n pinnu pé ẹ̀rọ aláfẹ́fẹ́ ṣì ni ó borí, nítorí pé wọ́n ti pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí Fòfó Dòsú dúró sí gáráàjì rẹ̀, kí kámárádì Ràímì sì máa lọ sí Malanville. Ẹ tiẹ̀ wò ó!

Mo jáde síta, mo fara ti ògiri. Mo ti mọ̀ pé ó parí láàárín èmi àti Sàlámátù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Àlájà lẹ́yìn mi, mi ò lè gbójú sókè. Mo ní kí ó má bínú, pé mi ò ní dá Sàlámátù dúró, kó fi í fún ẹni tó bá wù ú.

Ó ní, "Dákẹ́ ná." Mo dákẹ́.

Ó ní, "Ẹnu tó ń yangàn pọ̀ ní Misẹ̀bò, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà nílé ọkọ, Ràímì, mi ò gbọ́ 'èmi ni mo ṣì í' lẹ́nu ọkùnrin kan rí. Máa lọ sí Malanville. Bẹ́ẹ bá ti ṣe yìgì tán, Sàlámátù á bá ọ lọ."

Mo sunkún, ẹ̀yin èèyàn. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn Akpakpa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọdún mẹ́ta la lò lọ́hùn-ún, ibẹ̀ la bí àkọ́bí wa sí. Ogún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ìpàdé lé lórí yẹn, kò sí èyí tó dé títí ìjọba náà fi kógbá sílé.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Bí ẹnu yín bá ti kó yín wọ inú ọ̀ràn, ẹ má wá ẹlòmíràn tó máa fà yín yọ. Ẹnu kan náà yẹn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì lò ó níwájú gbogbo èèyàn, kó tó di pé ẹni ẹlẹ́ni ru ẹrù yín. Ó korò o! Ṣùgbọ́n kì í pani.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni nínú yín tí ẹnu rẹ̀ ti ṣèlérí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe, báwo lẹ sì ṣe jáde níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, Sàlámátù ló ń kà á fún mi, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè yín.